Àwọn Orúkọ Tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Funfun

Dókítà ti bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀, ìyàwó mi kò sì mọ irọ́ pa, nítorí náà mo mọ̀ pé ọjọ́ tó kù fún mi kò pọ̀. Kídìnrín mi méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Bí mo bá kú báyìí, àwọn ènìyàn yóò dúró létí sàréè mi, wọn yóò sì máa sọ pé ènìyàn rere ni Akọ̀wé Adérógbà. N kò fẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ṣe wà láàárín èmi àti ẹnì kan ṣoṣo tó mọ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tí mo sì sọ èyí tó kù fún kò gbà mí gbọ́. Òní ni mo fẹ́ kó o síta pátápátá. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè ṣàánú mi. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe pa ìwé yìí dé kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Ìgbó-Ọrà ni mo ti ṣiṣẹ́ láti kékeré. Iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ni tábìlì mi wà, pẹ̀lú taipuráítà kan tí mo rà ní àlòkù ní ọdún 1981. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Mo tú u palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì tún un tò, títí mo fi mọ ohun tí irin kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ń ṣe, àti ìdí tí lẹ́tà kan fi máa ń gun orí èkejì bí a bá ń yára tẹ̀ ẹ́. Àwọn tí kò mọ̀wé a máa wá láti Ìdèrè, láti Ayétẹ̀, láti Tápà, wọn a jókòó sórí àpótí iwájú mi, wọn a sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, èmi a sì tẹ̀ ẹ́ sínú bébà. Abẹ́ gbogbo létà ni mo ń fi kábọ́ọ̀nù sí, kí ẹ̀dà kan lè wà lọ́wọ́ mi bí ti ojúlówó bá sọnù lọ́nà. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn pé mo ń tọ́jú ẹ̀dà. Lójú tèmi nígbà náà, iṣẹ́ tó mọ́ ni mò ń ṣe.

Ọ̀kan lára wọn ni ìyá kan tó ń jẹ́ Hàlímọ̀, ará Ìdèrè, Màmá Hàlímọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Opó ni, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ sì ni. Ọmọ méjì ló bí: Àkíbù ni àgbà, Wúràọlá ló tẹ̀ lé e. Ní 1986, Àkíbù bá ọkọ̀ ẹlẹ́lùbọ́ lọ sí Kánò. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Ó kọ létà kan ṣoṣo láti ibẹ̀, pé òun àti àwọn kan ń lọ sí Líbíà, kí wọ́n sì bá òun tọ́jú àwọn ehoro òun. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti ya àgbàdo tán, Màmá Hàlímọ̀ á wá, á ní kí n kọ létà, sí ilé iṣẹ́ ìjọba, sí ilé rédíò, sí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti dárúkọ fún un. Ó máa ń fẹ́ kí n kọ orúkọ ọmọ náà bí òun ṣe ń pè é nílé gan-an: Àkíbù Àyìndé Eléhoro, ọmọ Ìdèrè. Gbólóhùn tó sì máa ń gbẹ̀yìn gbogbo létà náà kò yí padà rí, pé kí wọ́n sọ fún un pé ehoro rẹ̀ ti bímọ. Mo bá a ṣàwàdà nígbà kan pé ìjọba kò ní mọ nǹkan kan nípa ehoro. Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́, pé bó bá dé ọwọ́ Àkíbù, yóò mọ̀ pé láti ọ̀dọ̀ òun ló ti wá. Létà mọ́kànlá ni mo bá a kọ.

Ní 1997, wọ́n ṣí ilé kọ̀ǹpútà kan sí Ìbàdàn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ lọ síbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Mo ti lé ní ogójì ọdún. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ń pè mí ní Bàbá Onítaipuráítà, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, kò sì dùn mí, nítorí pé láàárín oṣù mẹ́fà èmi ni wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Mo rí i pé bí ojúewé kan bá wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ènìyàn lè ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ó rí bí ẹni tó ṣe é ti kọ ọ́. Inú mi dùn bí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tú taipuráítà. Mo ń da àwọn ẹ̀yìn ojúewé náà kọ sínú ìwé àjákọ, mo ń kà wọ́n nínú ọkọ̀ títí mo fi ń dé Ìgbó-Ọrà.

Báyìí ni Tíṣà Zachariah ṣe wá mi wá. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Àwọn ọmọ Ìbàràpá tó wà ní London ti kọ̀wé sílé pé àwọn fẹ́ ojúewé kan ṣoṣo tí yóò máa dúró fún ìlú méjèèje, àti pé èyí tí ènìyàn bá wò jù títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án 1998 ni àwọn yóò mú. Àwọn ará Èrúwà ti ní tiwọn. Tíṣà ní bí Èrúwà bá gba èyí mọ́ wa lọ́wọ́, òun kò ní lè gba ìlú wọn kọjá mọ́, àfi kí òun máa gba inú igbó lọ sí Ìbàdàn. Mo ṣe ojúewé náà. Mo fi àwòrán gbọ̀ngàn ìlú síwájú rẹ̀, mo kọ pé ẹ káàbọ̀ sí ilẹ̀ àwọn akíkanjú, mo sì fi òǹkà kékeré kan sí ìsàlẹ̀ tí yóò máa ka iye ènìyàn tó wò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òǹkà náà wà ní méjìdínlógójì. Mo mọ̀ pé èmi nìkan ni ogún nínú rẹ̀.

Nígbà náà ni mo jókòó láti rò ó bí ẹ̀rọ awánǹkan orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ náà kò lóye ọ̀rọ̀ kankan. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ka gbogbo ojúewé, ó ń sàmì sí ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, bí ẹnì kan bá sì tẹ ọ̀rọ̀ kan, á kó àwọn ojúewé tó ní ọ̀rọ̀ náà wá. Nítorí náà, ohun tí àwa fẹ́ sọ kọ́ ló ṣe pàtàkì, bí kò ṣe ohun tí ẹni tó ń wá nǹkan yóò tẹ̀. Ta ni yóò jókòó ní London tí yóò tẹ akíkanjú? Mo gbìyànjú ìbejì, nítorí pé ìbejì ni gbogbo ayé mọ̀ wá mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ojúewé tó ní ìbejì nínú pọ̀ débi pé tiwa wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní ní sùúrù dé. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀: ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ní kò lè mú ènìyàn wá bá ọ. Ọ̀rọ̀ tí ojúewé mìíràn kò ní, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan ń fi gbogbo ọkàn wá, ni mo nílò. Mo sì tún rò ó pé ohun tó sọnù ni ènìyàn ń wá. Mo ti jókòó fún ọdún mẹ́tàdínlógún níwájú àwọn tí nǹkan wọn sọnù, gbogbo ọ̀rọ̀ wọn sì wà nínú àpótí méjì lábẹ́ ibùsùn mi.

Mo kó àwọn ẹ̀dà náà jáde. Mo fa ìlà sínú ìwé àjákọ, mo ń kọ ọ̀rọ̀ tó bá yọjú sílẹ̀, mo ń sàmì sí i ní gbogbo ìgbà tó bá tún yọjú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Orúkọ ènìyàn ló pọ̀ jù: àwọn tó lọ tí wọn kò padà wá. Mo rí orúkọ mẹ́rìnléláàádọ́fà, mo sì kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oríkì àti ìnagijẹ àti orúkọ ìlú, bí ìyá tàbí ìyàwó rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún mi, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe gùn tó tó sì ṣọ̀wọ́n tó, bẹ́ẹ̀ ni ojúewé ẹni ṣe máa ń bọ́ síwájú tó. Bí mo bá fi wọ́n sójú táyé, àwọn ènìyàn yóò béèrè ìdí rẹ̀. Funfun ni ojúewé wa. Mo tẹ àwọn orúkọ náà sí ìsàlẹ̀, mo sì sọ àwọn lẹ́tà náà di funfun. Ojú ènìyàn kò rí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ̀rọ sì ń ka gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ dé ìdí: inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo fọwọ́ lu tábìlì bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Mo sọ fún Tíṣà Zachariah. Ó béèrè bóyá àwọn tó ni orúkọ mọ̀. Mo ní wọn kò mọ̀. Ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ó ní, “Orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò rí, Bàbá Ìbílọlá, ta ló fẹ́ bínú sí i?” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Láàárín oṣù méjì, òǹkà náà kọjá ẹgbẹ̀rún méjì. N kò bi ara mi léèrè àwọn tí wọ́n jẹ́. Ọgbọ̀n, ogójì tó ń gorí òǹkà náà lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹnì kan tó jókòó níbìkan, tó tẹ orúkọ ẹni tirẹ̀ tó sọnù, tí ẹ̀rọ sọ fún un pé ó wà níbí, tó sì dé ibẹ̀ tó bá àwòrán gbọ̀ngàn ìlú.

Ní oṣù Kẹfà, í-meèlì Wúràọlá dé. Ó ti di nọ́ọ̀sì ní London. Ó ní òun tẹ Àkíbù Àyìndé Eléhoro, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kọjá agbo ilé àwọn, ojúewé wa nìkan ló sì jáde. Ó ní òun ka ojúewé náà lẹ́ẹ̀mẹta, òun kò rí orúkọ náà níbẹ̀. Ó béèrè ẹni tó ṣe é, ó sì béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n òun wà lọ́dọ̀ wa. Mo gbé e lọ fún Tíṣà. Ó ní kí n má dá a lóhùn, pé bí àwọn ará London bá gbọ́ pé a fi orúkọ ènìyàn pamọ́ láti fi fa èrò wá, Èrúwà ti mú un nìyẹn. N kò dáhùn. Wúràọlá tún kọ̀wé, ó tún kọ̀wé. Ìkẹrin ni ó ti sọ pé bí òun kò bá gbọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òun yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìpàdé ẹgbẹ́.

Tíṣà kò mọ èyí tí mo ṣe tẹ̀ lé e. Mo ṣí àdírẹ́sì í-meèlì tuntun ní orúkọ Àkíbù. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ nínú létà, kò ṣòro fún mi. Mo kọ ọ́ bí ẹni pé Àkíbù ni mí, pé mo wà láàyè, pé èmi ni mo ní kí wọ́n fi orúkọ mi pamọ́ síbẹ̀, pé kí ó má ṣe wá mi, kí ó má sì sọ fún ẹgbẹ́ kankan, pé n óò wá sílé bí àsìkò bá tó. Mo kà á, mo rí i pé ẹnikẹ́ni lè kọ irú rẹ̀. Mo wá fi gbólóhùn kan kún un, pé ṣé àwọn ehoro mi ṣì ń bímọ. Mo fi ránṣẹ́. Mo rò pé yóò kàn mú un dákẹ́ títí oṣù Kẹsàn-án yóò fi parí ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀kadà gbé Màmá Hàlímọ̀ dé iwájú tábìlì mi. Ara rẹ̀ kò yá nígbà náà. Ọkàn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wúràọlá ti ṣètò pé kí ó wá gba ìtọ́jú ní London ní oṣù Kẹjọ, físà rẹ̀ sì ti jáde. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní Wúràọlá ti ránṣẹ́ sí òun pé Àkíbù kọ̀wé. “Ó béèrè ehoro rẹ̀, Akọ̀wé.” Ó ní kí n kọ èsì tí Wúràọlá yóò fi ránṣẹ́ sí i. Mo fi bébà sínú taipuráítà. Ó ní kí n sọ fún un pé òun kò lọ sí London mọ́, pé òun kò ní jẹ́ kí ó dé kí ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ó lọ tọ́jú ara rẹ̀, pé Àkíbù yóò dúró. Ó fi ọwọ́ kan orúnkún mi, ó ní, “Ọdún méjìlá ni mo ti ń retí rẹ̀. Ṣé ìgbà tí ó ti fẹ́ dé yìí ni yóò wá sú mi?”

Lẹ́yìn náà ó wo bébà náà, ó wo ojú mi. “Akọ̀wé, ìwọ lo mọ̀wé. Ayé ti bàjẹ́. Ṣé kò lè jẹ́ ẹlòmíràn ló kọ ọ́?”

Ọlọ́run ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ó kù kí n sọ. Bí mo bá sọ ọ́, yóò sunkún, yóò ṣépè fún mi, yóò sì wọ ọkọ̀ òfuurufú ní oṣù Kẹjọ. Mo wo ojú ìyá arúgbó náà, mo ní, “Rárá, Màmá. Òun ni.” Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé, èyí ló burú jù. Àwọn tó kù, ẹ̀rọ ló bá mi ṣe wọ́n. Èyí, ẹnu ara mi ni mo fi ṣe é.

Kò lọ sí London. Ní oṣù Kẹjọ gan-an mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìdèrè láti lọ sọ òtítọ́ fún un. Mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó ń já ewé fún ehoro méjì nínú àgò tuntun kan. Ó ní kí n súnmọ́ òun, kí òun sọ àṣírí kan fún mi. Ó ní àwọn ehoro Àkíbù ti kú tán láti ọdún kejì tí ọmọ náà ti lọ, pé irọ́ ni òun ń pa nínú gbogbo létà wọ̀nyẹn kí inú ọmọ má bàa bàjẹ́, àti pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ra méjì wọ̀nyí kí ó lè bá ehoro nílé. Ó ní kí n má sọ fún un. Mo ní n kò ní sọ. Mo mu omi tó fún mi, mo sì padà sílé. Láti ìgbà náà, àwọn aládùúgbò sọ pé oríta tí àwọn ọkọ̀ Ìgbó-Ọrà ti ń já èrò ni ó máa ń jókòó sí, tòun ti ẹsẹ̀ wíwú, tí ó ń wo ojú gbogbo ọkùnrin tó bá sọ̀kalẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ó kú. Wọ́n ti mú ojúewé wa nígbà yẹn. Tíṣà ti ṣe ìpàdé ìdúpẹ́, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Wúràọlá wálé fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Àwọn àfáà ní kí wọ́n fi orúkọ Àkíbù kún àdúrà òkú, pé ọdún méjìlá ti tó. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun wà láàyè. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ pé mo dúró ti ìyá òun. Nígbà tí ó lọ tán, mo kó àpótí méjèèjì jáde, mo sì dáná sun gbogbo ẹ̀dà létà náà. Ẹ̀rù ló mú mi ṣe é. N kò mọ̀ pé ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo ní ni mò ń sun.

Nítorí pé mo ti gbìyànjú láti sọ òtítọ́ fún Wúràọlá. Nígbà tí àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀, mo ṣí àdírẹ́sì tí mo fi orúkọ Àkíbù ṣe. Í-meèlì mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀ láti ọwọ́ Wúràọlá. Ó sọ bí ìyá wọn ṣe kú. Ó béèrè ohun tí òun ṣe tí Àkíbù fi dákẹ́. Mo kọ̀wé sí i ní orúkọ ara mi, mo sọ gbogbo ohun tí mo ti sọ fún yín. Ó dá mi lóhùn lọ́jọ́ kejì. Kò bínú rárá. Ó ní òun mọ̀ pé Àkíbù ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ kí òun lè yé wá a kiri, pé kò sí bí Akọ̀wé ìta ṣe lè mọ̀ nípa ehoro. Ó ní kí n fi ìwé tí mo bá ìyá òun kọ hàn òun bí mo bá ní in. N kò ní in. Ìlà tó fi parí rẹ̀ ni pé, “Ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò bínú.” Mo kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹrin sí i, ìdáhùn kan náà ló ń fún mi. Ọ̀kan tó dé kẹ́yìn sọ pé òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, pé ní oṣù Kẹta ọdún 2000 òun ń bọ̀ wá gbé ilé Ìdèrè, kí ẹnì kan lè wà nílé bí ó bá dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ kọ̀ǹpútà báyìí, mo mọ bó ṣe ń dùn mọ́ni nígbà tí nǹkan bá ṣiṣẹ́ bí a ṣe rò ó. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ń fi wá nǹkan, inú ìrora rẹ̀ ló ti wá. Ẹ má fọwọ́ kàn án bí ẹ kò bá ní ohun tó ń wá lọ́wọ́. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìdílé Hàlímọ̀ ni pé kí wọ́n dárí jì mí bí ó bá ṣeé ṣe. Bí kò bá ṣeé ṣe, mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ pé mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe nìyí. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá mọ Wúràọlá, ní London tàbí ní Ìdèrè, ẹ lọ bá a. Tèmi kò wọ̀ ọ́ létí mọ́. Ẹ sọ fún un kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún un kí ó jẹ́ kí àwọn àfáà ṣe àdúrà. Ẹ sọ fún un pé kò sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kankan nínú àdírẹ́sì yẹn, pé èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé èmi náà ti ń lọ.